Èmi àti Aláròyé Abẹ́ Aṣọ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lónìí. Oṣù mẹ́ta géérégé lẹ́yìn tí wọ́n gé ìfun ńlá tó ń dá egbò kúrò nínú mi, tí wọ́n fa ẹnu ìfun tó kù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, tí wọ́n sì lẹ àpò bò ó. Ẹnu ìfun náà pupa fòò, ó tutù rinrin, kò ju ìdérí ìgò lọ. Kì í tọrọ àyè kó tó sọ̀rọ̀ — prrr! — níbi yòówù ká wà. Ìdí tí mo fi ń pè é ní Aláròyé nìyẹn.

Ìyá Bọ́tìnì, tí a jọ ń ránṣọ, rò pé kókó ni wọ́n yọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Etí tábìlì ń gún àpò náà nígbàkígbà tí mo bá tẹ̀ sórí máṣíìnì. Mo fi tìmùtìmù méjì gbé ìjókòó ga. Ó bùṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mò ń kọ́ ìwà Aláròyé bí ìyàwó ṣe ń kọ́ ìwà ìyá ọkọ. Bí mo bá jẹun ní aago méje, kó tó di mẹ́jọ ààbọ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ — ó ki. Omi ọsàn — ó ṣàn bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Ẹ̀wà — ariwo lásán. Kí àpò tó kún dé ìdajì, mo ti dà á nù. Bó bá kún, á wúwo, á máa fa awọ ara. Ìfun tó ń fa omi sára kò sí mọ́, nítorí náà mò ń mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí mo ṣe ń pò ó. Kò dùn. Mo mu ún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ìgbà márùn-ún ni mo dà á nù. Kò jò. Ọpẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni dókítà máa dí ihò yìí, kí o lè padà di èèyàn?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ewúrẹ́ wo lẹ ti ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú mi.

Bàbá wọn — ọkọ mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń ṣàlàyé fún nínú ìwé ara mi — kò sọ̀rọ̀ kòbákùngbé kan rí. Òun ló ń lọ gba páálí àpò wá lọ́sibítù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, á ní òun fẹ́ lọ wo mọ́tò. Mọ́tò tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ojú tì mí lónìí. Mo kúnlẹ̀, mò ń wọn gígùn síkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀gá ilé ìwé kan. Mo kàn rí i pé ìbàdí mi gbóná. Òórùn. Etí àpò ti ṣí. Mo ní mo fẹ́ mú ṣọ́ọ̀kì wá, mo sì sá wọ ilé ìgbẹ́ ẹ̀yìn ilé.

Àpò tuntun wà lọ́wọ́, aṣọ ni kò sí. Ibẹ̀ ni mo wà tí Ìyá Bọ́tìnì kanlẹ̀kùn, ó na ìró kan sí mi láìbojú wo inú. Lẹ́yìn tí oníbàárà lọ, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ohun tí o ń fi pamọ́ fún mi rèé? Èmi tí mo rò pé ò ń bá mi yodì!" Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Ó wò ó bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ télọ̀ mìíràn wò: "Ọ̀rá lásán-làsàn yìí ló ń lẹ̀ mọ́ ẹ lára nínú ooru? Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyá Bọ́tìnì ti rán ìbòrí òwú mẹ́ta fún Aláròyé. Ọ̀kan ní léèsì! Mo gbé ìbàdí gbogbo síkẹ́ẹ̀tì mi ga. Mo pe nọ́ọ̀sì nípa jíjò yẹn, ó sì bá mi wí: "Mọ́mì, ìpara tí ẹ fi ń pa ibẹ̀ ni kò jẹ́ kó lẹ̀. Omi nìkan ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ nù ún gbẹ."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ́sibítù. Dókítà ní inú mi ti jinná dáadáa, àwọn lè so ìfun tó kù mọ́ ìdí lóṣù karùn-ún, kí n má lo àpò mọ́. Mo béèrè iye ìgbà tí màá lọ sílé ìgbẹ́ lójúmọ́. "Mẹ́fà, mẹ́jọ. Ó lè dín kù, ó lè má dín." Ṣé màá tún máa sáré wá ilé ìgbẹ́? "Nígbà mìíràn." Ó fún mi lọ́sẹ̀ kan kí n fi rò ó.

Ojú Bàbá wọn ń dán bíi ti ẹni tọ́mọ rẹ̀ yege.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Bàbá wọn ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Mi ò tíì sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ọdún mẹ́fà ni mo fi mọ gbogbo ilé ìgbẹ́ ìlú yìí bí ẹni mọ ojú ẹbí. Mi ò lè rán apá aṣọ kan tán kí n má dìde. Lánàá, mo jókòó, mo rán ṣòkòtò mọ́kànlá. Mo sinmi láàárín, mo dà á nù, mo fọwọ́, mo padà.

Mo sọ fún Bàbá wọn pé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n so ó padà. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ kí ara ẹ dà bíi ti tẹ́lẹ̀ ni." Mo ní, "Tẹ́lẹ̀ wo? Èyí tí mo fi ń sunkún nínú ilé ìgbẹ́?" Ó lọ wo mọ́tò. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo sọ fún dókítà pé rárá. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Rárá náà ni. Mo fọwọ́ sí ìwé. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Èmi àti Bàbá wọn padà sílé. Mo kó àpò tuntun wọ yàrá, mò ń dúró kó jáde. Ó ti ilẹ̀kùn — ó sì wà nínú. Ó ní, "Fi hàn mí." Ó ní kì í ṣe pé òun kórìíra rẹ̀, ẹ̀rù ló ń ba òun pé bí òun bá rí i, òun á rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ, tí òun rò pé mi ò ní jáde mọ́.

Mo ṣí i. Aláròyé ní prrr! Ọkùnrin náà ta gìrì sẹ́yìn, ó sì ní, "Ẹ ǹlẹ́ o." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo fún un ní àlùmọ́gàjí kó gé ihò tí Aláròyé máa gbà yọ sínú àpò náà. Ó gé e tóbi jù. Mo ní kó gé òmíràn.