Omi Abẹ́ Epo

Kankon, lẹ́bàá Àgbádárìgì,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà, 1955.

Jọkẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ kò dùn ún tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣìkẹ́mi àbúrò rẹ kí ọ, oyún inú rẹ̀ ti ń tàpá. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bí méjì, ọ̀kan dúdú, ojú èkejì sì jọ ti ìyá oníyọ̀ ọjà Agbalata, mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Ọlọ́hun yóò dá wa sí fún ara wa, ọ̀nà jíjìn kò ní sọ wá di àjèjì.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí. Ẹ̀kọ́ àgbà tí à ń kọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ti wọ̀ mí lára, bí o bá rí ibi tí lẹ́tà ti wọ́, má bínú, ọwọ́ tó ń fọ́ àgbọn láti àárọ̀ ni.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọ lọ sí ilé tẹlifóònù, pé ìwọ lò ń so okùn ọ̀rọ̀ ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíì. Mo bẹ̀ ọ́, okùn tí o bá so, so ó dáadáa, kí ọ̀rọ̀ ọkọ ẹnì kan má lọ bọ́ sétí ìyàwó oníyàwó, kí wọ́n má baà ní ọmọ Tọ̀yìbátù ló da ilé àwọn rú. Bí wọ́n bá sì ń sọ àṣírí, fi ọwọ́ di etí rẹ. Fọ́ọ̀mù ìfowópamọ́ tí o fi ránṣẹ́, mo ti mú un lọ sí pósítọ́fíìsì. Wọ́n bi mí ní ọjọ́ ìbí, mo ní ọdún tí òkun gbé ilé ìdáná àwọn Dosi lọ ni. Akọ̀wé ní kò lè gba inú àpótí tí wọ́n yà síbẹ̀, mo ní kó yà á tóbi sí i. Níbi tí wọ́n ti ní kí n fọwọ́ sí, mo gbé ọwọ́ mi lé e, mi ò sì gbé e kúrò títí ó fi bẹ̀ mí pé ó tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò Bàbá Gbádéyan gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ra mọ́tò akẹ́rù yẹn, ọ̀fẹ́ ló ń bá mi gbé òróró àgbọn mi lọ sí Agbalata, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Zinsu ọkọ Ṣìkẹ́mi ló ń wà á. Mọ́tò náà kì í mu bẹntiróò bíi ti àwọn tó kù, dísù ló ń mu, epo kan tó rí bí òróró tí kò jinná. Mo ti fi ahọ́n kàn án rí, kò dùn, má sọ fún bàbá rẹ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, wọ́n di ẹrù ọjà tán, mọ́tò gbéra, kò tíì jáde ní Kankon tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó tu èéfín funfun, ó ta kìjí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí aláǹgbá kó sí ní ṣòkòtò, ó sì kú. Wọ́n ta á níná, ó jí díẹ̀, ó tún kú. Ọkùnrin mọ́kànlá ló tì í padà sílé. Zinsu tú díẹ̀ nínú epo tó wà nísàlẹ̀ táńkì sínú ìgò, ó wò ó, ó lọ bá Bàbá Gbádéyan, ó ní omi ló wọ inú epo. Bàbá Gbádéyan ní epo tuntun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú àgbá, níbo ni omi gbà débẹ̀? Zinsu dorí kodò. Ó ń wo ilẹ̀. Bàbá Gbádéyan bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò fọhùn. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ti ta lára epo, ó fi omi dí i.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Mákánjú, mẹkáníìkì tó ti ń tún mọ́tò ṣe láti ìgbà ogun Hítílà. Ó ní púlọ́ọ̀gì ni òun ó kọ́kọ́ wò, nǹkan kékeré tó ń ṣáná sí epo. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó gun orí rẹ̀, ó ti orí wọ inú rẹ̀ títí a fi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, kò rí púlọ́ọ̀gì kan. Ó jáde, ó nu ọwọ́, ó ní wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀ tà. Zinsu ní mọ́tò oní-dísù kì í ní púlọ́ọ̀gì, pé afẹ́fẹ́ ló máa ń fún pọ̀ nínú rẹ̀ títí yóò fi gbóná, epo tó bá kàn án á sì gbiná fúnra rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́hun foríjì mí, nítorí ta ló rí iná tí kò ní ìṣáná? Bàbá Gbádéyan gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bí kò bá kó púlọ́ọ̀gì wá kí ó tó di Jímọ́ọ̀, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni yóò ti ṣàlàyé.

Lọ́jọ́ kejì Ṣìkẹ́mi wá bá mi, ó ń sunkún, ìgò epo tí ọkọ rẹ̀ tú ló mú dání. Ó ní Zinsu kò jẹun láti àná, kò sì bá òun sọ ohunkóhun. Mo ní kó gbé ìgò náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò mi, nítorí epo yòówù tí o bá fẹ́ kó sọ òótọ́ fún ọ, má mì í, jẹ́ kó jókòó. Kí a tó kírun àsárì, ó ti sọ ọ́. Epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, ìlà àárín wọn tẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn fi rúlà fà á. Inú mi dùn pé Zinsu kò purọ́ nípa omi. Mo da epo òkè kúrò, mo da díẹ̀ nínú omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ọwọ́ pa á. Ó ń yọ̀. Mo tún pa á, ó hó.

Jọkẹ́, ọṣẹ ni. Ọṣẹ dúdú tí èmi fi eérú èèpo àgbọn sè.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo gba ẹ̀yìnkùlé Bàbá Gbádéyan kọjá, mo rí àgbá dísù rẹ̀ tó ti ṣófo, ìdọ̀tí bò ó. Mo ní kí ni mo lè fi san oore ọkùnrin yìí. Mo gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ mi wá, mo bá a fọ àgbá náà bí mo ṣe ń fọ ti òróró mi, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ẹnu àgbá yẹn kéré, omi kò lè jáde tán. Tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń sá a sóòrùn. Tiwọn, ọjọ́ kejì ni wọ́n rọ epo sí i.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo jókòó. Mo ní kò sẹ́ni tó rí mi. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, mọ́tò tí kò gba owó lọ́wọ́ mi ni mo bà jẹ́ yẹn, ojú wo ni n ó fi wo Bàbá Gbádéyan? Ṣìkẹ́mi dìde láti máa lọ, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó ń rìn bí arúgbó. Ni mo bá gbé ìgò, mo ṣáájú rẹ̀ jáde.

Bàbá Gbádéyan wà lójúde, Mákánjú jókòó tì í. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀, mo gbé ìgò kalẹ̀ kí wọ́n rí i. Ó mú ìgò náà, ó wò ó.

Ó ní, “Ìyá Jọkẹ́, ta ló rán yín ní iṣẹ́ yẹn?”

Mo ní, “Ọpẹ́ ló rán mi, Bàbá. Mo jẹ́ ẹ kọjá ibi tó rán mi.”

Ọmọ mi, mo ti retí èébú. Ọkùnrin náà ṣe bí ẹni fẹ́ bínú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó ní kí wọ́n lọ pe Zinsu, nígbà tó sì dé, ọwọ́ méjèèjì ni àgbàlagbà yẹn fi gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, ó ní òun ṣì í pè lólè.

A wá dawọ́ jọ ṣe é. Zinsu tú gbogbo epo inú táńkì àti ti inú àgbá jáde, mo jẹ́ kó jókòó nínú àwọn ìkòkò mi títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo rọra gbọ́n ti òkè, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tú asẹ́ inú mọ́tò náà, mo fẹ́ bá a fi omi fọ̀ ọ́, gbogbo wọn pariwo pọ̀ pé rárá, dísù ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó dẹ ìdè kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ irin kan lábẹ́, epo ń yọ níbẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó. Ó ní afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù, bí kò bá jáde tán mọ́tò kò ní jí. Èyí yé mi ju ẹni tó ń ṣe é lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni òróró mi máa ń hó lórí iná títí omi inú rẹ̀ fi tán. Nígbà tí ìfófòó dáwọ́ dúró tí epo ń ṣàn gbọọrọ, èmi àti òun la jọ ní ó tó. Ó dì í, ó ta mọ́tò níná. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dáhùn. Mákánjú bọ́ fìlà, ó bẹ Zinsu pé kó kọ́ òun ní mọ́tò tí kò ní púlọ́ọ̀gì.

Nígbà tí Zinsu ń gbé mi lọ sílé níwájú mọ́tò, mo bi í pé kí ló dé tí kò lè ní òun ò mọ ibi tí omi ti wá. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun rí mi lọ́jọ́ tí mò ń fọ àgbá, òun tilẹ̀ kí mi lókèèrè, mi ò gbọ́, ìgbà tí omi sì jáde ni òun tó rò ó papọ̀.

Ó ní, “Màmá, oore lẹ ń ṣe. Mi ò lè fi oore yín rojọ́.”

Èmi tí mo ní nígbà ìgbéyàwó pé kí Ṣìkẹ́mi má fẹ́ Ègùn tí kì í sọ̀rọ̀. Mo kàn di ilẹ̀kùn mọ́tò mú.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi rán bùbá àti ṣòkòtò fún un. Sọ pé ìwọ lo ṣe é, kò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Fi owó sítáǹbù kún un, wọ́n ń ta orí obìnrin kan tó dé adé lé mi lọ́wọ́ ní pósítọ́fíìsì, mo ní kí wọ́n ta èyí tí kò ní orí fún mi kó lè dín owó, wọ́n kọ̀.

Ọlọ́hun tó fi àna ṣe ọmọ fún mi, yóò fi ẹni tí yóò bo àṣírí rẹ ṣe ọkọ fún ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tọ̀yìbátù.