Ìwé Ọṣẹ Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ bá mi kí gbogbo ará Ṣakí.

Inú mi ń dùn gan-an ní Bẹẹrẹ níbí! Basit ọkọ mi kì í jẹ́ kí n dá jẹun rárá. Ṣé ẹ rántí ìwé tí mo sọ fún Bàámi lórí fóònù, pé ìyá ọkọ mi ní kí n kọ bí a ṣe ń se ọṣẹ dúdú, kí wọ́n tó lọ sí ọjà Òjé? Mo kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, àmì ìdánudúró pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin ilé ló máa kà á, ọkọ mi sì ni gbogbo wọn. Ṣé ìyàwó oṣù kan lè máa pàṣẹ fún wọn ni? Mo bá kọ ọ́ pé, "Tó bá wù yín, ẹ lè máa fi ọmọrógùn rò ó," mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Kò wù wọ́n. Ọṣẹ jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Hikmat, ọ̀kan nínú wọn, ní, "Ìyàwó, ṣebí ìwọ lo ní tó bá wù wá!"

Ìyá ọkọ mi dé, wọn ò bínú o. Wọ́n kàn yọ ìwé náà, wọ́n ní kí n ṣì máa ṣa igi iná ná. Ojú tì mí, Màámi.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Tí wọ́n bá béèrè, ẹ ní ìwé náà ṣì wà lára ògiri.

Èmi ọmọ yín,
Jamilah