Ẹ̀jẹ́ Tí Mo Jẹ́ Lórí Ferena

Wadía, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Olúwa kó wà pẹ̀lú rẹ nínú aṣálẹ̀ tí o wà. Mo gbà pé ara rẹ le, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́ díẹ̀, àti pé omi ò wọ́n yín nínú ooru yìí. Gbogbo ayé ló ń pè ọ́ ní Bàbá, èmi náà sì máa ń fẹnu ko ọwọ́ rẹ lójú èèyàn. Ṣùgbọ́n má bínú, ẹni tó pọ̀n ọ́ dàgbà ló ń kọ̀wé sí ọ lónìí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ń bọ̀ ní ilé ẹ̀yin ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

O ti gbọ́ pé Ferena, ọmọ Kírúlọ́s ọmọ mi, ti kú. O ò gbọ́ bó ṣe kú, torí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Jọ̀ọ́, má kà á sí etí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Ọdún méje ni Nardin, ìyàwó Kírúlọ́s, fi wá ọmọ. O ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò, èmi náà sì wà lára wọn, kí n má parọ́. Lọ́dún tó kọjá mo gun òkè lọ sí ilé ìsìn Wúńdíá, ìyá Olúwa, mo sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fún wa lọ́mọ, orí òkè yẹn la ó ti rì í bọmi, lọ́jọ́ àjọ̀dún Wúńdíá, níṣojú gbogbo àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ dé, obìnrin. O mọ̀ pé ọgọ́rin ọjọ́ la máa ń kà fún ọmọbìnrin kí ìyá rẹ̀ tó gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ìrìbọmi. Mo kà á lórí ìka, àjọ̀dún bọ́ sí ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ọgọ́rin. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú ilé ìdáná. Ìwọ náà fi aṣọ funfun àti ọ̀já pupa ìrìbọmi ránṣẹ́.

Rántí ẹni tó kọ́ mi ní ìwé kíkà o. Nardin náà ni. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn, mi ò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Tó bá ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé dé, á jókòó tì mí, á gbé ìka mi lé orí ọ̀rọ̀ inú Bíbélì, á ní, “Màmá, ẹ má méfò o, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀.” Ibi tí mi ò bá kà dáadáa, á fi òwú há a, ìyẹn ni pé kí n tún un kà lọ́la. Láti ìgbà náà, orí kan láràárọ̀, mi ò fo ọ̀kan rí. Mo sì ń fi yangàn.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta, ara Ferena gbóná. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti ka ibi tí Mósè ti ní ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Olúwa kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́, torí Olúwa máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nardin wá bá mi, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi pe Bàbá Tádrọ́s, kó wá rì í bọmi báyìí.” Mo mọ̀, ta ni ò mọ̀, pé bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ọjọ́ kan, àlùfáà á rì í bọmi lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ibà lásán ni, ibà ọmọ tuntun. Ẹ̀jẹ́ mi ńkọ́? Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Tádrọ́s jókòó lábẹ́ igi ọ̀pẹ, ó ń mu tíì, ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà, mo sì pẹ̀yìn dà. Mo délé, mo ní àlùfáà ti lọ sí ìgboro, kò sí nílé.

Kírúlọ́s gbé ìyá àtọmọ sínú ọkọ̀, ó ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọn ò tíì kọjá afárá tí ọmọ náà fi dákẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Nardin ń bi mí: “Màmá, ibo ni ọmọ mi wà?” Kì í sunkún tó bá ń bi mí. Olúwa ti sọ pé ẹni tí a kò bá fi omi àti Ẹ̀mí bí kò lè wọ ìjọba Ọlọ́run, Nardin fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ mi ní ẹsẹ náà. Bàbá Tádrọ́s wá kí wa, ó ní aláàánú ni Ọlọ́run, ká fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Nardin ò wojú rẹ̀. Lójú rẹ̀, àlùfáà tí a wá tí a ò bá nílé ni ọkùnrin yẹn. Ọgọ́rin ọjọ́ pé, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àjọ̀dún dé, ọkọ̀ àwọn tó ń gun òkè ń kọjá lójúde wa tòun torin, ó dìde, ó ti fèrèsé.

Èmi ò dáwọ́ ìwé kíkà dúró, mo rò pé màá rí ìdáhùn. Ohun tí mo rí korò. Mo ka ti Ákánì tó jalè, tí wọ́n sọ òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ lókùúta pa. Kí làwọn ọmọ yẹn ṣe? Wadía, mo bẹ̀rù Ọlọ́run láti kékeré, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Bó bá fẹ́ dájọ́, èmi rèé, arúgbó tó ti jẹun ayé yó. Kí ló fẹ́ fi ọmọ jòjòló ṣe? Tó bá sì jẹ́ pé òun kọ́, tó jẹ́ èmi ni, ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Láàárọ̀ yìí, orí kọkànlá ìwé Àwọn Onídàájọ́ ló kàn. Nardin ń to ìṣù ìyẹ̀fun búrẹ́dì sóòrùn kó lè wú. Ó nu ọwọ́, ó wá jókòó tì mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Jẹ́fútà jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ohun tó bá kọ́kọ́ jáde nílé wá pàdé òun, òun á fi rúbọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló jáde, tijótijó. Jẹ́fútà ní òun ti la ẹnu òun sí Olúwa, òun ò lè yí i padà. Ìka mi dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nardin ní, “Kí ló dé tí kò lọ bá àlùfáà? Àbí àlùfáà ò sí nílé ni?” Kì í ṣe èmi ló ń bá wí, ó kàn sọ ọ́ ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi: “Ó wà nílé, Nardin. Mo rí i. Ó juwọ́ sí mi.”

Ó wò mí títí. Ì bá tiẹ̀ gbá mi létí, ara ì bá tù mí. Ó lọ yí àwọn búrẹ́dì náà sóòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí èyí tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ borí, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mi ò mọ ohun tó lọ sọ fún Bàbá Tádrọ́s.

Ìwọ tó kàwé ju gbogbo wa lọ, má sọ fún mi pé aláàánú ni Ọlọ́run, mo ti gbọ́ ìyẹn. Sọ ibi tí ọmọ náà wà fún mi. Bí o ò bá mọ̀, kọ ọ́ síwèé pé o ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló ń súre fún àbúrò, ẹnu tèmi ni ò mọ́ tó mọ́. Síbẹ̀, kí Olúwa pa ọ́ mọ́. Kí o má fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ láé. Bí o bá ń dárúkọ àwọn òkú níbi pẹpẹ, dárúkọ Ferena mọ́ wọn, má bi ẹnikẹ́ni bóyá ó yẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́,
Mufída.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí kí Nardin tó dé. Ó ṣí àpótí aṣọ ọmọ, ó mú ọ̀já pupa tí o fi ránṣẹ́, ó wọ yàrá mi, ó sì jáde. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti fi há inú Bíbélì mi, ní orí kọkànlá. Ìyẹn ni pé kí n tún un kà.