Àmù Abẹ́ Fèrèsé Yín

Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì

Ẹ̀gbọ́n mi Jímọ̀,

Sànní ti gbé ẹní rẹ̀ sí àyè yín. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ pé fèrèsé yẹn nìkan ni atẹ́gùn ń gbà wọ yàrá roboto tí a ń sùn sí. Àfi bíi pé ó ti ń ṣọ́ àyè náà kí ọlọ́jọ́ tó dé bá yín.

Lónìí, nígbà tí àwọn yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù, mo rí i tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri, lábẹ́ fèrèsé náà gan-an. Mo rò pé oògùn ló fẹ́ rì síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Sànní, kí lẹ fẹ́ rì mọ́bẹ̀?"

"Ìwọ dógarì yìí, o tún ń ṣọ́ mi! Wá bá mi gbé e, jàre."

Àmù tuntun láti Ọjà-Ọba ni. Ó ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọnmi kún un. Ó ní sàráà yín ni, kí ẹni tó bá mu níbẹ̀ ṣàdúà fún yín. Àwọn tó ti pápá dé ń mu, wọ́n ń wí pé, "Ọlọ́hun á forí jin Jímọ̀."

Kí ló dé tí kò kọ́kọ́ sọ fún èmi ọmọ ìyá yín?

Mo mu, mo ṣàdúà. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kó sùn sáyè yín.