Òróró Tí O Fi Pa Àjẹ̀ Wa

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Uwasota,
                                        Ìlú Benin.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, 1998.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀wọ́n tí mo kọ yẹn, ìlànà lẹ́tà ni. Má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Tinúadé àbúrò rẹ ńkọ́? Mo ń béèrè wọn tọkàntọkàn, nítorí wọn kò ṣẹ̀ mí. Ìwọ ni mi ò béèrè àlàáfíà rẹ, Dayọ̀. Inú ń bí mi sí ọ gan-an.

Kí o tó lọ wo Màmá ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ Sátidé, mo wá kó àjẹ̀ márùn-ún tí mo fi pamọ́ sí yàrá rẹ. Inú àpò ni wọ́n wà, mi ò tú u wò. A gbé e dé odò Ikpoba fún ìdíje ọkọ̀ wíwà ti àwọn fákọ́tì yunifásítì wa, èrò sì kún etí omi bámúbámú. Bí fèrè ṣe dún ni àwa ará Sáyẹ́ǹsì bọ́ síwájú. Àwọn Ẹnjiníà tó ti nà wá lọ́dún méjì ń wo ẹ̀yìn wa. Omi ta sí wa lọ́wọ́, àjẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ti Babájídé kọ́kọ́ bọ́ sódò, ti Èṣùbíyì tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́ta yòókù ń di tiwọn mú bí ẹni di ẹja àrọ̀ mú. Èmi nìkan ni mò ń wa ọkọ̀, a wá ń yí po lójú kan. Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àwa la ṣe ẹ̀kẹrin.

O mọ̀ pé àjẹ̀ bàbá mi tí mo gbé wá láti Ìgbọ́kọ̀dá ni mò ń lò, kì í kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Òun nìkan ni kò yọ̀. Babájídé gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Captain, na only your own dry. You don sell us.” Èmi ọmọ Ìlàjẹ, ọ̀gá ọkọ̀ wọn, ni wọ́n pè ní ọ̀dàlẹ̀ létí omi. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ni Comfort tí ẹ jọ ń gbàdúrà bi mí pé, “Brother Bímbọ́, that oil wey we rub for the paddle, e no work?” Ó ní ẹ gbààwẹ̀, ẹ sì fi òróró àdúrà pa ọwọ́ àjẹ̀ márààrún ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè. Dayọ̀, ta ló rán ọ? Ṣé orí ọba Ísírẹ́lì ni àjẹ̀ wa ni? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òróró ni ìwọ dà síwájú tèmi.

Mo ti ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní irọ́ ni. Comfort ní òun ò ní jẹ́rìí tí ìwọ olórí àdúrà ò bá tíì sọ̀rọ̀. Agogo mẹ́rin ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dìbò yọ mí, ọdún àṣekẹ́yìn mi sì rèé. Dẹrẹ́bà tó bá mi gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ ń padà sí gárèjì Iyaro ní Benin níbí lọ́jọ́ Fúráìdè. Wọ mọ́tò rẹ̀, kí o wá sọ òtítọ́ lójú wọn.

Bí o kò bá wá, àjẹ̀ mẹ́ta tí kò bọ́ sódò wà lọ́dọ̀ mi, mi ò fọ̀ wọ́n. Ọjọ́ Ìsinmi yòówù tí o bá tún dìde láti ṣaájú àdúrà, màá gbé ọ̀kan lé ọ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ, kí o dì í mú.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí Tinúadé. Má bá mi kí ara rẹ.

Èmi ni tìrẹ, títí di agogo mẹ́rin ọjọ́ Sátidé,
Abímbọ́lá.