Wáyà tí Mo Tẹ̀ sí Kàdúná

Ọ̀rẹ̀,
9 Oṣù Kẹta, 1977.

Ẹ̀gbọ́n mi Rótìmí,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Bàbá ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Àbúrò wa Benson ti rí iṣẹ́ tíṣà.

Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ dé lánàá. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ẹni tí a ó fún. Màámi ti kú kí n tó lọ tẹ wáyà sí yín ní pósítọ́fíìsì. Ẹ mọ̀ pé a kì í kọ ikú sínú wáyà. "Sírìọ́sì" là ń kọ, bí ẹni pé àìsàn ló le, kí ọmọ lè délé kó tó gbọ́.

N kò bá yín wí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí kan náà la fi pè yín, tí ẹ bá Màámi níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí.

Ẹ ní, "Màámi, kí ló wá sírìọ́sì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àárò ọmọ náà ń pani, àbí o kò mọ̀?"

Láti ọjọ́ tí mo ti tẹ wáyà yìí, mi ò lè jókòó. Gbogbo mọ́tò tó bá dúró ni mò ń sáré lọ wò. Bàbá ní a kò ní sin Màámi láìsí yín.

Olúwa yóò ṣọ́ yín lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹkún wakọ̀ fúnra yín. Dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ bá a wá.

Àbúrò yín,
Joanna