Emmett Dahlquist àti Ìbọn Bàbáńlá Rẹ̀ Tó Dán: Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Wa

Sí Ìyáàfin Verna Dahlquist, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí,

Ìbànújẹ́ la fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, ṣùgbọ́n bí a bá ní ìbànújẹ́ nìkan ló wà lọ́kàn wa, irọ́ la pa. Ọkàn àwa Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Kó Ìbọn Àtijọ́ Jọ ti ìlú Lander dàrú láti ọjọ́ tí a ti gbọ́ pé Emmett ṣubú níbi tó ti ń fún ẹṣin lóúnjẹ, tí kò sì dìde mọ́.

Ní gbogbo Wyoming, ta ni kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Emmett là ń gbé ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ lọ fún àyẹ̀wò, àwọn tí ilé ọta wọn máa ń yí, tí àwọn darandaran ayé ìgbà ẹṣin ń so mọ́ ìbàdí? Òun ni adájọ́ àfihàn wa ọdọọdún. Nígbà tí oníṣòwò kan gbé ìbọn wá, tó ní ti olè olókìkí kan ni, díẹ̀ ló kù kí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa rà á. Emmett kàn gbé e sí imú ni, ó ní, “Ọ̀rẹ́, ọtí kíkan ló mú eléyìí dípẹtà, kì í ṣe ọjọ́ orí.” Ọkùnrin náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí a tó mu kọfí tán.

Òun ló kọ́ gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nu àwọ̀ tí ọdún fi kun irin kúrò, torí ibẹ̀ ni iyì ìbọn àtijọ́ wà. Ó lé Hollis Pruett kúrò nídìí tábìlì àfihàn rí, nítorí pé ó fi àkísà olóróró kan ìbọn.

Ìdí rèé tí ìpàdé wa tó kẹ́yìn, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran, fi rú wa lójú. Emmett tú ìbọn bàbáńlá rẹ̀ kúrò nínú aṣọ, ìbọn dúdú tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti bẹ̀bẹ̀ fún títí. Ó ń kọ mànà bíi ṣíbí tuntun.

Alága wa, Leland Brockway, bi í pé, “Emmett, ta ló ba eléyìí jẹ́?”

“Èmi ni.”

“Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ rí i bí bàbáńlá mi ṣe rí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́.”

Hollis fò dìde: “Ìwọ yìí! Ìwọ tó o lé mi bí ajá nítorí òróró!”

Emmett mi orí. “Òótọ́ ni, Hollis. Òróró yẹn burú púpọ̀.”

A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà la rántí pé inú ń bí wa. Àwọn kan ní ká yọ ọ́ nípò adájọ́. Àwọn kan ní bóyá àìsàn ti dé orí rẹ̀. A sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ikú kò jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Nígbà tí a gbé oúnjẹ wá bá yín, Ìyáàfin Verna, a ti pinnu láti bi yín ní ìdí tó fi nu ìbọn náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi wá: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ fún yín nípa ìbọn yẹn? Orí ọkọ mi pé, dókítà gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin á mọ̀.” Abọ́ gbígbóná ṣì wà lọ́wọ́ wa nígbà tí a sọ fún yín pé ìbéèrè kan náà ló gbé àwa náà wá.

Títí di òní, a kò tíì mọ̀. Inú ṣì ń bí àwọn kan nínú wa sí Emmett, àwọn kan náà ló sì ń sunkún jù.

A kò ní jẹ́ kí oníṣòwò kankan wá rẹ́ yín jẹ lórí àwọn ìbọn yòókù, ẹ̀ báà tà wọ́n, ẹ̀ báà pa wọ́n mọ́. A ó máa fún àwọn ẹṣin lóúnjẹ títí Karin ọmọ yín yóò fi dé láti Denver. Hollis ló dábàá pé, bí ẹ bá gbà, kí ìbọn dídán náà wà láàárín tábìlì ní àfihàn ọdún yìí, pẹ̀lú orúkọ Emmett. Ó ní òun fúnra òun ni yóò jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó ta kò ó.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí kò sí ọkàn tó ṣókùnkùn sí i, fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu omijé yín, kó má sì jẹ́ kí àga Emmett tó ṣófo di ohun ẹ̀rù nínú ilé. Ní ti ìbéèrè tí ẹ bi wá, ẹ dárí jì wá, a kò ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n a ó máa wá jókòó tì yín, ká lè jọ máa ṣe kàyéfì rẹ̀.

Nellie Okerlund,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.